Apẹ̀rẹ̀ Ìfẹ̀yìntì Bàbá Oníléébù

Bí Bàbá Oníléébù bá jókòó tì ọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, yóò lẹ nǹkan mọ́ ọ lára. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́. Nínú ilé rẹ̀, ìgò iyọ̀ ní léébù, ìwé pélébé kan, lára tó sọ pé iyọ̀ ni, ìgò ṣúgà ní tirẹ̀, àgbá omi tí kò sí ẹni tó lè ṣì í mú fún nǹkan mìíràn náà sì ní tirẹ̀: OMI. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kánzo, ti sọ ọ́ títí ó ti sú u. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á jí, òun á sì bá ìwé níwájú orí òun tí wọ́n kọ ÌYÀWÓ sí.

Ẹ má dá bàbá náà lẹ́bi. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe, kò sí bí kò ṣe ní bá a délé. Ẹ̀rọ tó ń lẹ léébù mọ́ ike, agolo àti páálí ló ń darí, ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá kan tó ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́ta, tí ọjà rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ mọ́kànlélógójì. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Kọfí nìkan jẹ́ orúkọ méjì. Níta, ẹni tó ń mu Kánzo kì í fẹ́ fojú kan ẹni tó ń mu Bẹ́rítò, wọ́n á sì máa jiyàn lórí rẹ̀ bíi pé ogún bàbá wọn ni. Wọn ò mọ̀ pé lábẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń di méjèèjì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín. Bàbá Oníléébù á kàn máa rẹ́rìn-ín. Òun mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wò. Lẹ́yìn ọjà kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ojú kì í tètè dé, agboòrùn pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Àmì ilé-iṣẹ́ náà ni.

"Orúkọ iwájú, ti títà ni," ni ó máa ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. "Ẹ̀yìn la ti ń mọ ọmọ ilé."

Ó kó iṣẹ́ náà wọ yàrá ìbímọ pàápàá. Ìdí ẹ̀rọ kọfí ló wà nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn fún oṣù mẹ́rin gbáko, bàbá rẹ̀ sì sọ ọ́ ní Kánzo. Orúkọ gidi wà nínú ìwé ìbí o, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é? Èkejì, obìnrin, dé nígbà tí wọ́n gbé e lọ sídìí mílíìkì. Lúmílà nìyẹn, ọmọ tó tutù, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fà á. Ìdí súìtì ló wà nígbà tí ẹ̀kẹta dé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Píkò. Ẹnu Píkò kò tíì sinmi láti ọjọ́ náà.

Ti Tórínà yàtọ̀ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi í pa mọ́ fún un rí. Ọmọ àbúrò Ìyá Kánzo ni. Ìyá rẹ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ tó bí i, bàbá rẹ̀ ò sì yọjú. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá ni nígbà tí wọ́n gbé e wá, ó sì kéré débi pé Píkò béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ ló ti dé àbí ó ṣì kù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ alágboòrùn ra ilé bisikíìtì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tórínà. Bàbá Oníléébù ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ léébù tuntun. Orúkọ bisikíìtì náà kò yí padà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, àfi agboòrùn kékeré tó wá wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún ẹyọ léébù kan, ó mú un wálé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ ọmọ náà.

"Ó parí," ni ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ọmọ ilé ni."

Ìyá Kánzo, tí omi kò tíì gbẹ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti kú, rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjìlélógún kọjá. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Bàbá Oníléébù fẹ̀yìn tì nígbà tí káàdì dé láti ilé-iṣẹ́ pé wọ́n ń pe òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta síbi ayẹyẹ ìdágbére. Tórínà ló kà á sókè, nítorí òun ni akọ̀wé ilé. Òun náà ló bá bàbá rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tó máa kà lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "mẹ́ta" sí lórí káàdì, ó dúró, ó sì tún un kà.

"Ìwé àtijọ́ ni wọ́n wò," ni Bàbá yára sọ. "Fọ́ọ̀mù tí mo kọ orúkọ ọmọ sí níbi iṣẹ́ yẹn, ààyè ọmọ mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ kún kó o tó dé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ máa lọ. Èmi á ṣọ́ ilé."

"Ilé wo lo fẹ́ ṣọ́? Ṣé ilé fẹ́ sá lọ ni?"

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti ta Tórínà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ ní wọ́n á yọ agboòrùn kúrò lẹ́yìn ẹ̀."

Ó fi ṣe àwàdà ni, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ó kó àwo wọ ilé ìdáná. Àwo mẹ́fà péré ló fẹ́ fọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀, omi ẹ̀rọ sì ń dà ṣáá.

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Oníléébù wọra. Ohun tó ń fẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò pọ̀: kí ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sídìí tábìlì kan lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni akọ̀wé náà, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí.

"Bàbá, mẹ́ta ló wà níbí o. Mo lè fi báírò bá yín kọ mẹ́rin sórí káàdì, àmọ́ orúkọ tí wọ́n máa lò lẹ́nu géètì, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń mú un."

"Ṣáà bá mi kọ ọ́."

Ó gbé káàdì náà délé bí ẹni gbé ẹyin. Tórínà wo "mẹ́ta" tí wọ́n fagi lé, ó wo "mẹ́rin" tí wọ́n kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ní òun ò lọ. Lúmílà bẹ̀ ẹ́. Kánzo ní òun á gbé e lé èjìká lọ. Píkò gba ọ̀rọ̀ náà sọ, ó sì sọ ọ́ débi pé Tórínà sùn lọ lórí àga níbi tó ti ń gbọ́ ọ.

Bàbá dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú u títí, ó mú nǹkan pélébé kan níbẹ̀, ó sì rọra fi í sí àpò kóòtù tó máa wọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, gbogbo ilé wọ aṣọ tó dáa, wọ́n sì lọ. Kò tó wákàtí kan tí fóònù Tórínà fi dún.

"Tórínà, mo gbàgbé awò ojú mi sórí àgbá omi. Mi ò lè rí ọ̀rọ̀ tó o kọ fún mi kà. Ṣé kí n wá dúró níwájú wọn kí n máa wò bọ̀ọ̀ ni?"

"Ẹ rán Píkò wá mú un."

"Píkò ń sọ̀rọ̀."

Tórínà wọ aṣọ funfun kan tó wà nítòsí, ó mú awò náà, ó sì wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Nígbà tó ní ọmọ Bàbá Oníléébù lòun, olùṣọ́ géètì wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ọmọ mẹ́ta ló wà fún Bàbá Oníléébù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti wọlé. Ọmọ ti pé."

"Ẹ bá mi fún un ní awò yìí nígbà náà," ni Tórínà wí. Ó ti ń nà án sí i nígbà tí bàbá rẹ̀ já síta, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàbá gbá a mọ́ra, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe ń ki ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí olùṣọ́ géètì.

"Ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tó o ti mọ̀ mí, kí ni mo máa ń sọ nípa ọjà?"

Ọkùnrin náà rò ó. "Ẹ ní ẹ̀yìn ni ká máa wò."

"Ó dáa. Wò ó."

Olùṣọ́ géètì yọjú wo ẹ̀yìn Tórínà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì ṣí géètì gbàragada bíi pé ọkọ̀ ẹrù ló fẹ́ wọlé. Tórínà rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà méjì ni, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Níbi gbogbo tó gbà kọjá nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín tó dáa, wọ́n sì ń ya ọ̀nà fún un. Ẹnì kan gbé àga wá síbi tábìlì àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó béèrè.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà fi gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan jáde. "Bàbá," ni ó wí, "gbogbo ọjà wa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yìí. Ọmọ ilé pé síbẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Oníléébù kò gba apẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí ẹ̀yìn wọn wò. "Kánzo nìyí. Lúmílà rèé. Píkò wà níbí, ẹ dẹ̀ di ẹnu ẹ̀ dáadáa, ẹ ṣeun." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, àfi Píkò. Bàbá kà á lọ títí dé ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, ó sì nàró.

"Ogójì ni. Ọ̀gá, apẹ̀rẹ̀ yìí ò pé. Mi ò rí Tórínà."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Áà, Bàbá, a ti ta Tórínà lóṣù tó kọjá."

"Ẹ̀yin lẹ tà á, ọ̀gá," ni Bàbá Oníléébù wí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Èmi ò sí nípàdé yẹn."

Ó kọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀ kejì, ó mú páálí bisikíìtì Tórínà kan jáde, ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ lẹ léébù mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín Kánzo àti Lúmílà. Ìgbà yẹn ló tó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e.

Omi ń bọ́ lójú Tórínà, inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn débi pé kò mọ ohun tó máa fọwọ́ ṣe. Ibi tó ti ń wá ohun tó máa fi nu ojú ló ti rí i pé awò bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ọkùnrin yìí ti ka ogójì ọjà tán pẹ̀lú agboòrùn ẹ̀yìn wọn, kò béèrè awò.

"Bàbá," ni ó wí nígbà tó dé ìdí tábìlì, "kò sí nǹkan tó ṣe ojú yín."

"Mo sọ fún ọ pé nǹkan kan ń ṣe é ni? Mo ní mo gbàgbé awò."

Ìyá Kánzo ní irọ́ ọkọ òun ti dàgbà ju ọmọ lọ. Píkò ti já Tórínà jẹ, bisikíìtì ni mo wí o, ó ń pín in káàkiri tábìlì. Ibi tó ti ń na ti Tórínà sí i ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ náà.

"Ta ló lẹ nǹkan mọ́ ọ lẹ́yìn?"

Ó rọra ṣí i kúrò, ó sì gbé e sórí tábìlì. Léébù ni, èyí tó ti gbó, tí etí rẹ̀ ti jẹ. Agboòrùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò pupa mọ́, ó ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Òwú aṣọ ìkókó kan ṣì há mọ́ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí, lábẹ́ gọ́ọ̀mù tuntun. Ìyá Kánzo ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Tórínà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì yí ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ lẹ̀ ẹ́ padà, Bàbá."