Òdòdó Tí Bàbá Mi Kò Sọ Orúkọ Rẹ̀

Aránṣọ ni ìyá mi. Ojú ló fi ń jẹun. Yàrá tá à ń gbé náà ló ti ń ránṣọ: ẹ̀rọ lẹ́bàá fèrèsé, ibùsùn lẹ́yìn rẹ̀, àkísà nílẹ̀.

Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbà tó wálé kẹ́yìn, ó gbé nǹkan kan dé nínú agolo. Ara rẹ̀ sanra bí ìka àgbàlagbà, ẹ̀gún bò ó. Ìyá mi béèrè orúkọ rẹ̀.

"Jẹ́ kó yọ òdòdó ná. Màá sọ fún ẹ."

Ó jáde. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé.

Ìyá mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi pọ́n koko. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ni mò ń bá a ki òwú sí i.

Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan ọ̀hún yọ òdòdó. Pupa, méjì-méjì, bí ojú tó ń wo ni.

Onídìrí tó ń gbé yàrá kejì yọjú wọlé. "Ẹ wo bó ṣe sanra! Ohun tó bá ń fomi pamọ́ sára báyìí, ọmọ ìyá odúndún ni. Ẹ kán an sójú, á tutù."

Ìyá mi fọwọ́ kan òdòdó náà. "Bí ojú bá ń dùn mí nídìí ìránṣọ, bàbá ẹ máa ń ní òun á wá oògùn rẹ̀ fún mi. Èyí ló fi ránṣẹ́."

Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré. Omi odúndún mọ́ gaara. Tèyí funfun bíi wàrà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè orúkọ ẹ̀ ná."

"Ìwọ tó o sá nílé ìwé," Onídìrí ní, "o ti wá di dókítà ewé?"

"Lọ, kó o tètè dé," ìyá mi wí.

Ẹni tó ń ta òdòdó létí títì wo ẹ̀ka tí mo gbé dání nínú ọ̀rá, ó fà sẹ́yìn. "Adé ẹ̀gún nìyẹn. Lọ fọwọ́! Oje ẹ̀ ń fọ́ni lójú."

Mo sáré.

Onídìrí pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ojú òsì nìkan la tíì kán an sí. Màmá ẹ ní ó ń ta àwọn. Mo ní oògùn tó dáa ló ń ta."

Ìyá mi gbójú sókè, ẹ̀ka mìíràn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ku ọ̀tún," ó ní.

Mo gbà á, mo ní oje ẹ̀ ń fọ́ni lójú. Mo bu omi fọ ojú rẹ̀ títí garawa fi gbẹ. Mo mú un lọ sílé ìwòsàn, dókítà sapá. Ojú òsì kò padà.

Mo fẹ́ ju agolo náà nù. Ìyá mi dì í mú. "Ṣé o fẹ́ sin bàbá ẹ lẹ́ẹ̀kejì ni? Kò lè fi ibi ránṣẹ́ sí mi. A ò kán an tó ni."

Mo gbé e sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, níbi tọ́wọ́ rẹ̀ kò lè dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé. Mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Mo gba ẹ̀yìnkùlé. Àga tó fi ń ránṣọ wà lábẹ́ ògiri. Mo gun un. Ẹ̀ka kan ti ṣẹ́. Oje rẹ̀ ṣì ń kán.

Mo wọ yàrá. Oòrùn kún ibẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn?" ìyá mi ní. "Ta ló paná?"