Olúweri àti Olúwa Mi

Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ nípa ìtàn àtijọ́ àwọn ará Ireland ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń bọ̀ wá sílé ní Hyattsville, ó ṣàlàyé fún mi pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ìtàn wọn, àfìgbà tí àwọn mọ́ńkì kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn àwọn ọkùnrin Kristẹni tó fayé sílẹ̀ nítorí àdúrà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe: òrìṣà kan di ọba, òmíràn di ẹni mímọ́, wọ́n sì fa ìkún omi Nóà wọ ibi tí Nóà ò dé rí. Inú bí mi gan-an. Mo ní olè ni wọ́n. Èmi tí mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo Sunday ni mo wá di agbẹjọ́rò òrìṣà ilẹ̀ onílẹ̀.

Olùkọ́ wọn ní kí kálukú lọ gba ìtàn kan lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀. Àgbà tiwa ò jìnnà. Màmá mi ti dé láti Ìbàdàn, wọ́n ń bá òtútù Maryland jà lójoojúmọ́. Àlọ́ tí mo fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ, ti obìnrin tó ń wá ọmọ, tó ń kọrin létí odò. Orin yẹn ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ mi ò sì gbọ́ ọ rí. Oṣù tó ń bọ̀ ni Màmá ń padà sílé, ní ọjọ́ orí wọn, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún wá. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, Màmá jókòó ní kíṣìnì, wọ́n ń bó ẹ̀wà àkàrà. Ọmọ mi gbé fóònù síwájú wọn, èmi ń túmọ̀. Àlọ́ náà ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé orí orin.

"Olúwa mi, gbóhùn mi o, fọ́mọ jíǹkí mi."

"Màmá, Olúweri ni ẹ máa ń pè níbẹ̀."

"Olúwa mi ni."

"Olúweri ni, Mà. Òrìṣà odò."

"Ṣé ìwọ lo pa á fún mi ni, àbí èmi ni mo pa á fún ọ?"

Ẹ kọ ọ́ wò. Ohùn orúkọ méjèèjì bára mu débi pé orin náà gan-an ò ní fura. Mo túmọ̀ ìjà wa fún ọmọ mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Oh my God, Grandma, you're the monk!"

Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ Màmá. "Mọ́ńkì? Ta ni ọmọ yìí ń pè ní ọ̀bọ?"

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi pẹ̀tù sí i. Mo ṣàlàyé àwọn ará Ireland fún wọn.

"Wọ́n mà gbọ́n o," ni Màmá wí. "Ká ní wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà, àwọn ọ̀gá wọn ì bá ti dáná sun ún. Kí lọmọ ẹ ì bá wá kà? Èmi ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, kí n pe òrìṣà sínú fóònù, kí Wáàsáàpù gbé e délé ṣáájú mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ẹ ò kàn lè máa pààrọ̀ orúkọ olórúkọ, Màmá."

Màmá nawọ́ sí fóònù. "Ní kó pa nǹkan yẹn." Ọmọ mi pa á.

"Ó pẹ́ kí n tó rí ọ bí. Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ sódò, ibẹ̀ ni mo ti kọ orin yẹn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A wolé, a wodò, a fi Omi ṣáájú orúkọ ẹ. Àlùfáà ló ní òun ò lè pe irú ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yọ Omi, ó fi Olúwa sí i."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ ìrìbọmi ẹ ni."

Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn. Ọmọ mi, tí Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ, ń bi mí pé kí ni Grandma sọ. Ọjọ́ tí wọ́n rì mí bọ omi ni wọ́n yọ omi lórúkọ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Wọ́n ní kó o kọ ọ́ bí àwọn ṣe kọ ọ́ lórin," ni mo dá a lóhùn. "Olúwa mi."