Ọjọ́ Ìsinmi Wẹ́dà Lórí Òkè

Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ irin jíjó ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Géètì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, olè á kàn wò ó, á sì bá tiẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń ṣiṣẹ́ ti ń kú lọ lábẹ́lẹ̀. Dókítà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Bàbá, a lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, a ò lè dá a dúró."

Láti kékeré ló ti ń wu Wẹ́dà láti fẹsẹ̀ rin òkè gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ìlú wọn já, ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó pe ìyàwó rẹ̀ onídìrí. "Kí n tó dẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́, jẹ́ ká lọ wo òdìkejì òkè yẹn." Wọ́n lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orúnkún rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Obìnrin tó ni ilé tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí lórí òkè náà fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mirí.

"Ẹ sinmi fọ́jọ́ méjì, Bàbá. Ẹni tó bá fi irú ẹsẹ̀ yìí gòkè, ẹ̀yìn la fi ń pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀."

"Ọjọ́ méjì kẹ̀?" Wẹ́dà rẹ́rìn-ín ìbínú. "Èmi lè sinmi. Ojú mi ni ò mọ ìsinmi."

Ìyàwó rẹ̀ mọ irú ẹni tó fẹ́. Bí Wẹ́dà ṣe sùn lọ lọ́sàn-án, ìyàwó náà gbé bàtà rẹ̀, ó fi í pamọ́ sáàárín igi ìdáná. Wẹ́dà jí, ó wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ tá ilẹ̀ títí. Nígbà tí kò rí i, ìbọ̀sẹ̀ ló wọ̀ jáde. Kò tíì rìn jìnnà tó fi ṣubú lórí òkúta.

Ìyàwó rẹ̀ sáré bá a. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fẹ́ para yín ni? Òkúta tó tóbi tó yìí, ẹ ò rí i?"

"N ò rí i."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sí iwájú ojú ọ̀tún ọkọ rẹ̀, ó jù ú síwá sẹ́yìn. Ojú náà ò ṣẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá sọ, wàá ní ká padà. Mo bẹ̀ ọ́, gbé bàtà mi fún mi. Ojú kan ló kù." Ó bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ tí iná jó o lápá, kò sunkún.

Ìyàwó rẹ̀ ò gbé bàtà jáde. Àga ló gbé síta, ó dojú ẹ̀ kọ òkè. Ọjọ́ méjèèjì ni Wẹ́dà fi jókòó níbẹ̀, tí oúnjẹ ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ranjú mọ́ òkè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i gbé.

"Kùrukùru nìyẹn, àbí ojú mi ni?"

"Kùrukùru ni," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí. Nígbà mìíràn, kò sí kùrukùru rárá.

Nígbà tí orúnkún náà wálẹ̀, wọ́n gòkè, ó di okùn báàgì ìyàwó rẹ̀ mú. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó dókè pátápátá.

"Ṣé a ti dé?"

"A ti dé."

Ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, díẹ̀díẹ̀. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀. "Sọ fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. "Òkúta kan wà níwájú yín. Ó pupa díẹ̀."

"Lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń sọ, ó ń sunkún, títí oòrùn fi rọlẹ̀. Wọn ò rin èyí tó kù mọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀ délé.