Ìgò Búlúù tí Mo Ṣí

Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni mo máa ń ra gílóòbù nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo ra èyí tó ń tàn lórí mi báyìí, nínú ilé mi ní Iléṣà.

Kẹ́místírì ni mo kà. Ọmọbìnrin mi náà kà á, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe àwọn ègé tíntìntín tí wọ́n ń pè ní pẹrófúsikáìtì, tó ń tan ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n lè fi ṣe tẹlifíṣàn lọ́jọ́ iwájú. Ó ní pupa àti àwọ̀ ewé kò nira tó búlúù. Búlúù kì í fẹ́ tàn dáadáa, kì í sì í pẹ́ kú. Ọ̀rinrin lásán ń pa á.

Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ìgò kékeré kan wá, búlúù ló wà nínú rẹ̀. Ó ti rí ohun kan tó fi bo àwọn ègé náà lára, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò lo oṣù kan nínú ooru ilé tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù.

“Bàbá mi, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì yìí sí i láràárọ̀, kí ẹ kọ bó ṣe tàn sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i o.”

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ kàwé wá kí mi, ọ̀kan láti Òṣogbo, èkejì láti Ìbòkun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìgò náà.

“Ìyá mi rẹ aró títí ó fi kú,” ni ti Òṣogbo wí, “kò rí irú èyí.”

Ti Ìbòkun rẹ́rìn-ín. “Kẹ́místì wo ló ń wo nǹkan láì gbóòórùn rẹ̀? Àbí ẹ̀rù ọmọ ń bà ọ́?”

“Ẹ̀rù kẹ̀? Ta ló bí ẹnìkejì?”

Láyé tiwa, ọwọ́ la fi ń fẹ́ òórùn ìgò sí imú kí a tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ṣí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ ẹ, à ń rẹ́rìn-ín. Òjò ń rọ̀. N kò rántí dé e títí a fi jẹun tán.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, búlúù inú ìgò ti ṣú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣú. N kò kọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ mi dé, ó wo ìwé náà pẹ́. “Ohun tí mo fi bò ó ni kò dára, bàbá mi.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ni mo wí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe da iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ nù.

Láàárọ̀ yìí ni mo pè é pé kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rẹ́ mi ti Òṣogbo kú nígbà ọyẹ́. Ti Ìbòkun ṣì wà, ṣùgbọ́n kò dá ọmọ tirẹ̀ gan-an mọ̀ mọ́. Èmi wà, mo sì mọ ẹni tó ṣí ìgò náà.