Orúkọ Tó Jáde Lábẹ́ Fọ́tò

Ní At-Bashy, ìlú kan láàárín òkè, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Jazgul, ìyàwó Talant, kò pè é rí. "Ìyá" ni ó ń pe Sayrakan, ìyá ọkọ rẹ̀, lójú. Lẹ́yìn, ó ní orúkọ mìíràn fún un: Kẹ́tùlù-Ò-Tutù.

Ọdún tó wọlé ọkọ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, Sayrakan ń hó lé e lórí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí wọn ò bá tíì fún wàrà màlúù, á hó. Bí búrẹ́dì bá jóná, á hó. Jazgul sọ orúkọ náà fún àbúrò rẹ̀ nìkan, àwọn méjèèjì a sì máa fi rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Inú fóònù náà ni orúkọ yẹn wà. Fóònù rẹ̀ a máa kó fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ sójú kan, á ní kí ó sọ ọ́ lórúkọ. Ó kọ Aybiyke sí ti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó kọ Kẹ́tùlù-Ò-Tutù sí ti ìyá ọkọ. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Talant lọ ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà. Obìnrin méjèèjì ló kù sílé pẹ̀lú ọmọ. Wọ́n jọ ń da àgùntàn, wọ́n jọ ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Híhó Sayrakan rọlẹ̀. Jazgul kò kíyè sí i. Ẹni tó bá ti sọ ènìyàn lórúkọ kì í tún wò ó dáadáa mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Sayrakan wo ara ògiri. Fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ṣé àwa tá a wà láàyè ò lójú ni?" ó ní. "Gbogbo wa há sínú fóònù ẹ bí ẹlẹ́wọ̀n. Lọ ra ohun tó ń tẹ fọ́tò."

Ó ta àgùntàn kan, èyí tó fẹ́ràn jù, ó kó owó rẹ̀ fún Jazgul.

Ní ọjà, olùtajà gbé ẹ̀rọ méjì síwájú Jazgul. Ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èkejì tó bíríkì. Jazgul ní kí ó fi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tẹ fọ́tò jáde, ó ti ìka bọ omi, ó fi nu méjèèjì. Nínú ti kékeré, ojú ènìyàn pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ti ńlá mọ́, omi ò rí i bà jẹ́.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ẹ mọ nǹkan," olùtajà ní. "Ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ìgbà mẹ́rin ni bébà máa jáde. Yẹ́lò á kọ́kọ́ wá, pupa á tẹ̀lé e, búlúù á dé, èyí tó kẹ́yìn ni yóò jẹ́ kó máa dán. Ẹ má fà á o. Ẹni tó bá fà á ti ba bébà jẹ́, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́."

Nílé, ó gbé e jìnnà sí ààrò. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí pé bébà ń yọ síbẹ̀ náà. Ó ki rọ́ọ̀lù àwọ̀ bọ̀ ọ́, ó kó bébà sí i, ó kọjú dídán sókè, ó so fóònù mọ́ ọn. Fọ́tò Aybiyke ló kọ́kọ́ tẹ̀. Fóònù bi í bóyá kí ó máa kọ orúkọ sísàlẹ̀ gbogbo fọ́tò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó jáde tòun ti orúkọ, ó dára.

Kíá ni Sayrakan ránṣẹ́ pe Kalbubu, aládùúgbò rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n jókòó lórí ẹní irun àgùntàn. Jazgul bu tíì díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ wọn, bí a ti ń bu ú fún ẹni tí a fẹ́ kí ó pẹ́. Abọ́ tó bá kún dẹ́nu ń sọ fún àlejò pé, mu ún, kí o máa lọ.

"Ó kàn mí," Sayrakan ní. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Jazgul yan fọ́tò ibi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbé ọmọ àgùntàn mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Ìyá. Ìgbà mẹ́rin ni."

Bébà yọ jáde, ó yẹ́lò, ó tún wọlé.

"Sayrakan, ojú ẹ ń ba ẹ̀rọ yìí lẹ́rù," Kalbubu ní. "Ó wò ẹ́, ó sá padà."

"Tìẹ ni kó rí. Abẹ́ ibùsùn ló máa sá wọ̀."

Jazgul kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ìlà kan nísàlẹ̀ fọ́tò náà, tó fẹ́lẹ́ bí omi tíì. Ó na ọwọ́. Sayrakan gbá ọwọ́ náà.

"Ìwọ lo ní ká má fà á."

Jazgul ronú àtiyọ wáyà iná ẹ̀rọ. Ó rántí àgùntàn tí wọ́n tà. Ó jókòó. Pupa dé, lẹ́tà náà nípọn. Búlúù dé, ó dúdú. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jáde, ó ń dán. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Sayrakan mú fọ́tò náà, ó nà án jìnnà sójú. "Kí ni wọ́n kọ síbí? Awò ojú mi wà ní yàrá."

Kalbubu gbà á. "Kẹ́tùlù," ó ní, ẹ̀rín ti ń bọ̀. "Ò. Tutù." Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ìyá, èmi ni," Jazgul ní. "Ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tẹ òmíràn."

"Àgùntàn mi ni bébà yẹn. Fi í sílẹ̀."

Kalbubu kò mu tíì rẹ̀ tán tó fi lọ. Sayrakan fúnra rẹ̀ gbé fọ́tò náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dòní. Àlejò á kà á, á wo Jazgul, Jazgul á wo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń sọ. Jazgul ti fọ abọ́, ó tún fọ wọ́n, kó má baà gbójú sókè. Bó ṣe fẹ́ bu tíì, Sayrakan gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó bu ti Jazgul. Ó kún dẹ́nu.

"Mu ún."

Jazgul mu ún. Ó jó o lọ́fun. Ilé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè, ó mọ ọ̀nà. Kò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na abọ́ òfìfo náà sí ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì tẹrí ba.

Ó pẹ́ kí Sayrakan tó gbà á, kó bu tíì sí i, kó sì dá a padà. Nígbà tí Jazgul wò ó, tíì díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò ju ìdí abọ́ lọ.

"Ó ṣì gbóná," Sayrakan ní. "Rọra."