Ọwọ́ Mi, Ojú Ẹlòmíràn

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Kíláàsì kejì ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti dúró, ohun tí mo sì ń kọ láti ìgbà náà kò ju orúkọ oníbàárà lọ lára àpò gàrí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó, ẹ bá mi tú u. Ẹnu mi pàápàá kò yá. Bí àlejò bá wọlé wa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń kí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í tijú ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ.

Mo rántí òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan tó máa ń gba ẹ̀yìn ilé wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde láràárọ̀. Ibẹ̀ ni Màámi ti ń yan gàrí lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí ìwé mi dúró. Ẹ̀gẹ́ tí a bá rin, ó máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin nínú àpò lábẹ́ òkúta kí ó tó kan dáadáa, nítorí gàrí tí kò bá kan, Ìjẹ̀bú kì í bá a ṣọ̀rẹ́. Bí a bá sẹ́ ẹ tán, a ó dà á sínú agbada gbígbóná, a ó máa fi àfọ́kù igbá yí i, a ó máa tẹ̀ ẹ́, a ó máa fọ́n ọn ká, kí ó má baà dì, kí ó má sì jó. Ọwọ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe agbára. Màámi máa ń sọ pé ẹni tó bá ń bínú kò gbọ́dọ̀ yan gàrí, pé gàrí yóò mọ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀rẹ́ mi kan mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àdúgbò kan náà la sì ń gbé. Òun tẹ̀ síwájú dé yunifásítì ní Ìjàgun, èmi dúró ti agbada. Wọ́n fẹ́ ya eré alápá púpọ̀ tí wọn yóò máa gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nípa ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé wá sí ilé àwọn tó ń yan gàrí. Ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe ìyàwó náà, kò sì pẹ́ tí gbogbo wa fi sọ ọ́ di Ìyàwó, nínú eré àti lẹ́yìn eré. Ọmọkùnrin gíga kan tó jù wá lọ díẹ̀ ló ń darí wa, Adarí là ń pè é. Ẹnì kẹta ni Ayàwòrán, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jọ mí díẹ̀ nínú ìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé Ìyàwó sídìí agbada. Èéfín bò ó lójú, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú, gàrí ń fò sílẹ̀, apá kan ti ń jó. Màámi wò ó títí, wọn kò lè mú un mọ́ra.

“Ọmọ yìí, ṣé ò ń ro ọkà ni, àbí ò ń lé adìẹ?”

Ìyàwó fi ìka tó jó sẹ́nu. “Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọkọ tèmi, á ra gàrí lọ́jà ni.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ayàwòrán ló wá ronú kàn án. Ó ní kí wọ́n ró ìró Ìyàwó mọ́ mi, kí wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fún mi, kí òun ya ọwọ́ mi nìkan. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú Ìyàwó, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹni tó ń tijú, ẹ wo irú eré tí Ọlọ́run bá a wá: eré tí ẹnikẹ́ni kò ní rí ojú rẹ̀!

Nígbà tí apá kìíní jáde, àwọn èèyàn kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní, “Ẹ wo ọwọ́ ìyàwó! Wọ́n bí i sídìí agbada ni.” Òmíràn ní, “Ọmọ Ìjẹ̀bú tòótọ́ nìyí, kì í ṣe ayédèrú.” Mo kà á lórí fóònù, mo tún un kà, mo wá gbé ọwọ́ mi méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń ka ìwé. Bí èmi àti Ìyàwó bá jọ lọ sọ́jà, àwọn obìnrin á dá a dúró, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Òun á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ ṣé, mà. Ìyá mi ló kọ́ mi.” Èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá bá a gbé báàgì. Mo rò pé eré ló ṣì ń ṣe.

Ìkìlọ̀ méjì ni Adarí ṣe fún mi. Èkíní, n kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, ọwọ́ mi kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ó ní bí ọwọ́ bá rí báyìí lónìí tó tún rí bẹ́ẹ̀ yẹn lọ́la, òǹwòran á mọ̀, eré á bàjẹ́. N kò gbọ́dọ̀ kun èékánná, n kò gbọ́dọ̀ lé làálì. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ ṣègbéyàwó, tí gbogbo àwa ọmọge ilé jókòó yí onílàálì ká, tí ó ń ya òdòdó sí wọn lọ́wọ́, èmi nìkan ni mo ká ọwọ́ mi sábẹ́ ìborùn.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣègbéyàwó wí. “Ọwọ́ ẹ̀ ti di ọwọ́ ọba, kò ṣeé kàn mọ́.”

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín di alẹ́. Mo ń pa àṣírí àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Adarí kó wa jọ pé ẹnì kan tó fẹ́ràn eré wa ní Gánà fẹ́ gbà wá lálejò, pé ibẹ̀ la ó ti ya apá tó kù. Nínú eré, Ìyàwó yóò tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Gánà. Mo bojú wolẹ̀, mo rò pé kò kàn mí. Adarí ní, “Ìwọ ńkọ́? Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là ń lọ. Ibẹ̀ la ó ti ya ojú ẹ. Ìwọ lo máa ṣe obìnrin tó ń ta gàrí lọ́jà wọn, o sì máa sọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: “Ẹ tọ́ ọ wò ná, ẹ ó padà wá.” Kò jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Mo ń sọ ọ́ fún dígí, mo ń sọ ọ́ fún agbada, mo ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́ Màámi.

Mo sọ fún gbogbo ilé pé mò ń lọ sí òkè òkun. Màámi ní, “Òkè òkun wo? Gánà tí wọ́n ń wọ mọ́tò lọ! Ẹni tó bá ní sùúrù á fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.” Ṣùgbọ́n àwọn náà ni wọ́n ta àpò gàrí tí wọ́n fi pamọ́, kí n lè rí ìwé ìrìnnà gbà. A lọ sí Abẹ́òkúta, ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ mi tíì dé. Wọ́n ní kí n gbójú sókè, wọ́n ya àwòrán mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni ya ojú mi. Nígbà tó kan títẹ ìka, ẹ̀rọ kò rí ìlà ìka mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Àǹtí, irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe ná?” Mo ní gàrí ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ gbà. Mo padà sílé, mo di báàgì mi. Mo fi aṣọ wé àfọ́kù igbá mi sínú rẹ̀, nítorí n kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ta igbá ní Gánà.

Adarí kò dá ọjọ́ títí ó fi ku ọ̀la. Ìrọ̀lẹ́ ni ó kọ̀wé sórí fóònù mi pé ọkọ̀ yóò gbéra láti Ìjàgun ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀la yẹn gan-an ni Agẹmọ ń kọjá ládùúgbò wa. Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú: obìnrin kì í rí Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ wa. Obìnrin tí ilé rẹ̀ bá wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, yóò wọlé, yóò tilẹ̀kùn, títí wọn yóò fi kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì lo ń lọ ni o, mọ́ṣáláṣí ni o, ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo pe Adarí.

“Bọ̀ọ̀dá, ọ̀la mà ni Agẹmọ. Ṣé kí n wá sùn sí Ìjàgun lálẹ́ òní?”

“Háà, mo gbàgbé pátápátá! Má yọra ẹ lẹ́nu, jàre. Yàrá ò gbà wá. A máa dúró dè ẹ́ di ọ̀sán. Tí wọ́n bá ti kọjá, gun ọ̀kadà máa bọ̀.”

Mo gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi kò tilẹ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ tuntun, mo jókòó sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀, báàgì wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Ooru mú wa, Màámi ń fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ọrùn. A gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lókèèrè, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ parọ́rọ́. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó ní a lè jáde. Mo pe fóònù Adarí, kò lọ. Ti Ìyàwó, kò lọ. Mo gun ọ̀kadà dé Ìjàgun. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Adarí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì wo báàgì mi, ó ní, “Àwọn eléré? Aago mẹ́fà ni wọ́n ti lọ. Ọmọbìnrin wọn yẹn ti wá sùn síbí láti ìjẹta, ó ní kí Agẹmọ má baà há òun mọ́lé.”

Ìjẹta. Ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ kò ju ilé mẹ́ta lọ sí tiwa. Wọ́n rántí Agẹmọ fún un, wọ́n gbàgbé rẹ̀ fún mi.

Nígbà tó yá, Adarí kọ̀wé pé awakọ̀ kò gbà láti dúró, kí n má bínú. Mo dáhùn pé kò burú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wo apá tí wọ́n yà ní Gánà. Nínú ọjà kan tó kún fún èrò, Ìyàwó jókòó ti igbá gàrí, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ tọ́ ọ wò ná, ẹ ó padà wá.” Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó dára ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ewúrẹ́ lọ, n kò ní purọ́. Màámi wò ó pẹ̀lú mi. Wọ́n bọ́ síta, wọ́n lọ dá iná sábẹ́ agbada.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi dé. Wọ́n wá sẹ́yìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ṣokoléètì Gánà nínú ọ̀rá. Apá ìgbẹ̀yìn ló kù, èyí tí Ìyàwó yóò ti padà dé ilé ìyá ọkọ rẹ̀, tí yóò jókòó sídìí agbada láìsọ̀rọ̀ rárá. Ọwọ́ nìkan ni òǹwòran yóò máa wò títí eré yóò fi parí.

“Ọ̀la ni, láago mẹ́wàá,” ni Adarí wí. “Láìsí ọwọ́ ẹ, kò sí eré.”

Ìyàwó fà mọ́ mi. “Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé o ò bínú. Ìwọ tí o ò mọ inú bí!”

Ayàwòrán ń wo ilẹ̀. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé ó jọ mí.

Mo ní, “Ó dáa. Aago mẹ́wàá.”

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Ìwé ìrìnnà mi ṣì wà nínú àpótí Màámi, kò sí òǹtẹ̀ ìlú kankan nínú rẹ̀. Mo máa ń ṣí i nígbà mìíràn láti wo ọmọbìnrin tó gbójú sókè nínú àwòrán yẹn, tó rò pé ojú òun ni wọ́n ń wá. Ó máa ń ṣe mí láàánú, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, òun àti igbá rẹ̀ tó fi aṣọ wé. Wọ́n ní à á fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tu itọ́ funfun jáde ni. Mo tu itọ́ funfun fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá wọn jẹ ṣokoléètì, mo sìn wọ́n dé títì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Màámi tó jí, mo wẹ ọwọ́ mi mọ́, mo kọjá sí òdìkejì títì, mo kan ilẹ̀kùn onílàálì. Ó béèrè pé ta ló ń ṣègbéyàwó. Mo ní kò sí, mà. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i, mo ní kó lé e kó dúdú dáadáa, láti orí èékánná dé ìgùnpá, kó má fi àyè kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo padà sílé, mo jókòó sídìí agbada, mo tẹ́ ọwọ́ mi lé itan kí ó gbẹ, mo sì ń dúró dè wọ́n.