Ọjọ́ tí mo mú Bàbá Àjàyí lọ bẹ ọ̀gá mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Dagenham níbí. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, torí ìtìjú wà nínú ẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́n tán.

Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe. Ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń lọ, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Iṣẹ́ yìí náà ló gbé físà mi dání. Bí wọ́n bá lé mi, àfi kí èmi àtàwọn ọmọ mi palẹ̀ ẹrù mọ́.

Màmá òyìnbó kan wà ní àdúgbò Alibon tí mo máa ń fún lóúnjẹ ọ̀sán. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nilé iṣẹ́ wa fún mi níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun màmá yìí ò dáa mọ́, ṣíbí kan péré, á pẹ́ kó tó gbé e mì. Ṣé kí n fi ebi pa á ni? Mo máa ń dúró títí á fi yó. Bí mo ṣe ń pẹ́ dé ilé tó kàn nìyẹn, ni ọ̀gá wa bá kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá ṣàlàyé ara mi ní Ọjọ́bọ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ físà mi halẹ̀ mọ́ mi ní ìsàlẹ̀ ẹ̀. 

Kí lọmọ Yorùbá máa ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? A máa ń wá àgbà tó máa bá wa bẹ ọ̀gá ni. Mo bá lọ bá Bàbá Àjàyí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Green, lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ paraku sì ni wọ́n. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí o bá bi wọ́n léèrè ìdí tí bọ́ọ̀sì fi pẹ́, orí báńkì ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Mo bá wọn nínú sùtánà funfun, wọn ò tíì wọ bàtà. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ ọ̀gá mi.

Wọ́n ní, "Kí lo ṣe?"

Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan.

"Kí la wá fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún?"



Ni wọ́n bá gbé báńkì dé. Wọ́n ní nígbà tí báńkì àwọn olówó dojú dé káàkiri ayé, ìjọba sáré gbé wọn dìde. Nígbà tó kan àwọn arúgbó àtàwọn tó ń tọ́jú wọn, ìjọba ní àpò ti gbẹ. Wọ́n ní ìgbà yẹn làwọn èèyàn tú síta ní ìlú ńláńlá, Bàbá fúnra wọn náà gbé páálí ìwọ́de dání láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ àwọn tó ń bínú yẹn ò ya wèrè.

"Fifteen minutes tí wọ́n fún ẹ yẹn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀," wọ́n ní. "Àwa tí a ò débi àsè ni wọ́n ní ká wá fọ abọ́."

Ṣé gbogbo ẹ̀ ló yé mi? Rárá. Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé físà mi ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní òfin gbà mí láàyè, pé àáró lásán ni, bíi ti oko nílé: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, a jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì. Bí mo ṣe rí ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó tí kì í rẹ́rìn-ín, mo ti fẹ́ kúnlẹ̀. Bàbá di apá mi mú.

"Jókòó."

Wọn ò pariwo. Wọ́n yọ káàdì ẹgbẹ́ wọn jáde, wọ́n ní kí ọ̀gá bá wọn ka ìwé ìtọ́jú màmá Alibon sókè. Ó kà á dé ibi tí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí pé kí wọ́n rọra máa fún màmá lóúnjẹ, kí wọ́n má kán an lójú. Bàbá wá béèrè pé ta ló lè ṣe ìyẹn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ọ̀gá pa ìwé náà dé. Bàbá ní àwọn mọ̀ pé ẹnì kan ń fún òun náà lọ́rùn láti òkè, kó bá àwọn sọ ohun tó kà yìí fún onítọ̀hún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mìíràn dé. Ó fagi lé ti àkọ́kọ́, ó sì sọ àkókò màmá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo sunkún nínú kíṣìn. Àwọn arúgbó yòókù ṣì wà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún o, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ mẹ́fà nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti wọ ẹgbẹ́ báyìí.

Mo fẹ́ràn bàbá yìí gan-an. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì nítorí ọmọ tí wọn ò bí. Èmi tí mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣẹ̀, kó wá ẹni tí yóò bá a jókòó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tó ń gbé ní Marks Gate, pè mí. Iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Ó ń sunkún, ó ní, "Àǹtí, please, ẹ bá mi bẹ manager, wọ́n fẹ́ cancel sponsorship físà mi."

Mo ní, "Kí lo ṣe?"

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló di apá yín mú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kúnlẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á fún Bàbá.